Wọ́n Dájọ́ Kí Olùwádìí Tó Dé

Ọ̀gá Táyà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ dé pápá ọkọ̀ òfuurufú yẹn ní ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin tó bá nílé àtúnṣe bàálù rò pé ó ṣìnà ni. Wọ́n ní ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé wà lápá ọ̀tún. Kò yà sápá ọ̀tún. Ó mú sípánà, ó wọ abẹ́ bàálù, kò sì jáde níbẹ̀ títí tí orúkọ fi yí padà lẹ́nu wọn. Obìnrin kúkurú ni, ọwọ́ rẹ̀ le bíi pátákó, ọ̀rọ̀ ò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, máa ń fi ṣàwàdà pé bí òun bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́nu ìyàwó òun, àfi kí òun kan ìṣó wọ́ sí nǹkan níṣojú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, kò sí ohun tó jọ wàhálà. Táyà kan lápá òsì bàálù tí yóò gbéra ní aago mẹ́sàn-án ti jẹ dé ibi tí òfin ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá Táyà àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé bàálù náà lé jáàkì, wọ́n bọ́ táyà àtijọ́, wọ́n fi tuntun sí i. Ó fi sípánà tó ń wọn agbára ọwọ́ fún nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín dé ibi tí ìwé iṣẹ́ sọ, ó fi pín-ìnì há a kó má baà yí. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé níbi iṣẹ́ wọn, ẹni tó ṣe iṣẹ́ kọ́ ni yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá mìíràn wá, ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé.

Ó ń nu epo kúrò lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pè é lórí fóònù. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni àbúrò yìí, Gbohùngbohùn ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀rọ̀ ìyá wọn ló tìtorí ẹ̀ pè: ta ni yóò mú màmá lọ ṣe àyẹ̀wò ojú lọ́sàn-án? Ọ̀gá Táyà ní kí àbúrò òun náà gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, pé láti aago mẹ́rin lòun ti jí, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ táyà òsì bàálù aago mẹ́sàn-án tán ni, ọrùn sì ń ro òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n dágbére.

Nígbà tí aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé àtúnṣe, ó ń mu omi. Bàálù náà sáré kọjá níwájú rẹ̀ lórí títì tí bàálù fi ń gbéra, bó ti ń sáré lójoojúmọ́. Imú rẹ̀ ti fẹ́ gbé sókè nígbà tí ìró kan dún bí ìgbà tí wọ́n la pátákó gbígbẹ. Imú náà padà wálẹ̀. Bàálù yà, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ́lẹ̀, ó kọjá òpin títì, ó wọ inú koríko, iná sì sọ. Ọ̀gá Táyà ju ike omi nù, ó gbé ẹ̀rọ ìpaná tó wà lára ògiri, ó sáré. Ó ń sáré náà ni nígbà tí àwọn panápaná fi ọkọ̀ kọjá lára rẹ̀, tí wọ́n sì dá a dúró.

Èèyàn márùndínláàádọ́rin ló wà nínú bàálù yẹn. Mẹ́rìnléláàádọ́ta jáde. Mọ́kànlá kò jáde, awakọ̀ sì wà lára wọn.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, eérú ò tíì tutù, Gbohùngbohùn ti wà lórí afẹ́fẹ́. Ó pe ètò náà ní "Kí Ló Lè Fà Á?" Kò parọ́ o, ká sọ tòótọ́. "Bóyá" ló ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, "ó ṣeé ṣe" ló ń fi parí rẹ̀. Ó ní bóyá ẹyẹ ni. Ó ní bóyá awakọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ẹnì kan tó sún mọ́ iṣẹ́ náà dáadáa ti fi yé òun pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ táyà òsì bàálù náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, pé ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ ti jí láti aago mẹ́rin, ó ti rẹ̀ ẹ́, ọrùn sì ń ro ó. Ṣé kì í ṣe pé nọ́ọ̀tì kan ni wọn ò fún dáadáa? Ó ní òun ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, òun kàn ń béèrè ni.

"Bóyá" yẹn ò dé òpópónà kejì tó fi já bọ́. Nígbà tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ohùn tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù ń sọ pé nọ́ọ̀tì mẹ́ta ni kò sí níbẹ̀. Kó tó di aago mẹ́fà, wọ́n ti mọ̀ pé Ọ̀gá Táyà ló pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi kún un pé òun àti ọkọ rẹ̀ ló jà mọ́jú. Ọkùnrin kan tí kò wọ bàálù rí láyé ya ẹsẹ̀ bàálù sórí ìwé, ó ń fi biro tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe wà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn sì wò ó. Táyà tó wà nínú àwòrán náà kò jọ ti bàálù kankan. Ti katakata ló jọ.

Ọ̀gá Táyà gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láti inú rédíò aládùúgbò. Aago mẹ́rin. Ọrùn tó ń roni. Ó pe àbúrò rẹ̀, ó sì bi í léèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré: ta ni ẹni tó sún mọ́ iṣẹ́ náà? Gbohùngbohùn ní òun ò sáà dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa fóònù. Oṣù kan gbáko ni kò fi bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ilé iṣẹ́ ní kí ó jókòó sílé ná títí wọn yóò fi parí ìbéèrè. Èyí kì í ṣe ìjìyà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi yé ará ìta? Ní ọjọ́ kejì, àwọn kan fi ọ̀dà pupa kọ "APÀNÌYÀN" sára ògiri ilé wọn. Oníbàárà mẹ́ta wá kó ilẹ̀kùn wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, èyí tí kò tíì parí gan-an, wọ́n gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, dé láti ilé ẹ̀kọ́ tòun ti iyẹ̀pẹ̀ lára aṣọ. Nígbà tí wọ́n bi í dáadáa, ó ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré tuntun kan níbẹ̀: òun ni yóò máa jẹ́ táyà, àwọn tó kù á sì máa ti òun ṣubú.

Ọkọ rẹ̀ ra ọ̀dà funfun bọ̀. Ó ní kí wọ́n pa ògiri náà rẹ́, kí wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin títí ọ̀rọ̀ á fi rọlẹ̀. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, Ọ̀gá Táyà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi," ó ní, "tí mo bá sá, wọ́n á ní ẹsẹ̀ mi ló jẹ́wọ́. N ò lọ ibì kankan. Ògiri yẹn náà, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ni yóò wá nù ún."

Láti ọjọ́ yẹn, ní àràárọ̀, yóò wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò gbé àga síwájú ògiri náà gan-an, yóò jókòó, yóò kọjú sí títì. Ẹni tó bá fẹ́ bú u, kó wá bú u lójú. Àwọn kan kọ́kọ́ wá. Nígbà tó ṣe, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n, nítorí pé ó ṣòro láti pariwo mọ́ ẹni tó ń wo ẹyinjú rẹ láìṣẹ́jú.

Ní ọjọ́ karùn-ún, olùwádìí tí ìjọba yàn láti wá ìdí ìjàǹbá náà ránṣẹ́ pè é. Àgbàlagbà ọkùnrin ni, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn, ó ń fi pẹ́ńsù kọ gbogbo nǹkan. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó. Ó béèrè ohun tó jẹ, iye wákàtí tó sùn, sípánà tó lò, ọjọ́ tí wọ́n yẹ sípánà náà wò gbẹ̀yìn. Nígbà tó parí, Ọ̀gá Táyà náà gba ààyè láti béèrè.

"Ọ̀gá, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló pa wọ́n?"

Ọkùnrin náà bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Màdáámú, n ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ò mọ̀. Àmọ́ àwa méjèèjì mọ̀ pé a ò mọ̀, ibẹ̀ la ti fi ju àwọn tó ń pariwo lọ."

Ó ṣàlàyé fún un bí iṣẹ́ àwọn ṣe ń lọ. Àpótí méjì wà nínú bàálù, ọ̀kan ń gba ohùn àwọn awakọ̀ sílẹ̀, èkejì ń ka bí bàálù ṣe ń sáré àti bí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn ń pè é ní àpótí dúdú, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ọsàn ló ní, kó lè tètè hàn nínú pàǹtírí. Wọ́n ti rí méjèèjì. Gbogbo irin tó fọ́ ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá di ọgbọ̀n ọjọ́, ìwé àkọ́kọ́ yóò jáde, ohun tí ojú rí nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Ìdí tó fi ṣẹlẹ̀ lè gba ọdún kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí ohun kan ṣoṣo dá bàálù ṣubú. Nǹkan kéékèèké mẹ́rin, márùn-ún, ló máa ń fara kọ́ra, bí ẹ bá sì fi ìkánjú mú ọ̀kan, èyí tó kù yóò dúró de bàálù mìíràn.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó ń dùn ún. Láti ọjọ́ tí rédíò ti sọ̀rọ̀ táyà òsì, èèyàn mọ́kàndínlógún ló ti wá sọ fún òun pé àwọn rí i tí táyà òsì yọ. Méje nínú wọn, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n dúró sí, wọn ò lè rí apá òsì rárá.

"Wọn ò parọ́ o," olùwádìí ní. "Etí wọn ló kọ́ ojú wọn ní ohun tó rí."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ bàálù wá bá a nílé. Ó fohùn jẹ́jẹ́. Ó ní bí Ọ̀gá Táyà bá lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dà bíi pé awakọ̀ ló pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì, ẹrù náà yóò fúyẹ́ fún gbogbo àwọn tó wà láàyè. Ọ̀gá Táyà dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un kó máa lọ.

"Ibi tí mo dúró sí, n ò rí ẹsẹ̀ awakọ̀," ó dá a lóhùn. "Òkú ò lè fèsì. Ẹ ò ní fi ẹnu tèmi sin ín lẹ́ẹ̀kejì."

Ní ọjọ́ kejìlá, ó wà lórí àga rẹ̀ nígbà tí bàbá kan gbé àpò wá síwájú rẹ̀. Ó mọ bàbá náà. Òun ló máa ń fi ẹ̀rọ gé koríko ní ẹ̀gbẹ́ títì bàálù, Bàbá Koríko ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí wọ́n wọlé. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó tú àpò náà: irin pẹlẹbẹ kan ni, ó gùn tó ọwọ́, etí rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ó ní inú koríko lòun ti rí i, lọ́jọ́ kejì ìjàǹbá náà, lápá ọ̀tún títì, níbi ìkẹta láti òpin nínú àwọn iná ẹ̀gbẹ́ títì. Rọ́bà dúdú lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ọ̀gá Táyà bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ.

"Ìyá, mo rò pé wọ́n á ní abẹ ẹ̀rọ ìgékoríko mi ni," bàbá náà ní. "Mo sì gbọ́ lórí rédíò pé nọ́ọ̀tì ni. Mo wá sọ fún ara mi pé kó yáa jẹ́ nọ́ọ̀tì. Mo rí ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀yin tí ẹ níwèé. Èmi tí n ò níwèé ńkọ́?"

Ọ̀gá Táyà wo irin náà. Ó mọ ohun tó lè ṣe. Àwòrán kan péré lórí fóònù, kó fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́ta, kó tó di ọ̀sán orúkọ rẹ̀ á ti mọ́ fínnífínní. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí fóònù náà. Ó wo bàbá arúgbó tó jókòó sétí àga bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́, ó sì mọ ilé ẹni tí ọ̀dà pupa yóò kàn lẹ́yìn tirẹ̀. Ó gbé fóònù náà, ó pe olùwádìí.

Ó ní kí bàbá náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irin náà mọ́. Nígbà tí olùwádìí dé, kò bínú, ṣùgbọ́n ó mí kanlẹ̀. Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ níbi tó wà ni, wọn ì bá wọn ibẹ̀, wọn ì bá mọ bó ṣe ta dé ibẹ̀. Ní báyìí, ó ti gbé ọjọ́ mọ́kànlá nínú àpò. Síbẹ̀, Bàbá Koríko bá a lọ, ó sì fẹsẹ̀ tẹ ojú ibẹ̀ gan-an fún un.

Ìwé àkọ́kọ́ jáde ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ó ní wọ́n bá táyà òsì tí wọ́n pààrọ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀ àti pín-ìnì rẹ̀ ní ipò wọn. Táyà ọ̀tún ni nǹkan mímú kan gé kí iná tó sọ. Wọ́n rí irin kan nínú koríko, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló gé e. Ibi tí irin náà ti wá, ìgbà tó bọ́ sórí títì, àti ìdí tí bàálù náà kò fi lè dúró, ìwádìí ṣì ń lọ lórí wọn. Ìwé náà ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ṣé ẹ rò pé àwọn èèyàn sinmi? Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti ní agékoríko ló pa wọ́n. Gbohùngbohùn wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní rédíò fẹ́ kí ó wá, kí ó wá gba orúkọ rẹ̀ padà. Ọ̀gá Táyà ní òun gbà, bó bá jẹ́ pé bí òun ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni yóò ṣe máa jáde, kí wọ́n má gé ohunkóhun.

Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó kí i, ó ní gbogbo ìlú ti wá rí i báyìí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní ní ti irin yẹn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́, ta ló rò pé ó jẹ̀bi?

"N ò mọ̀," Ọ̀gá Táyà ní.

Gbohùngbohùn ní kó kàn sọ ohun tó rò ni.

"Ohun tí mo rò kò kan ẹnikẹ́ni. Mo mọ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, mo ti sọ ọ́ fún olùwádìí. Ìyókù, n ò mọ̀. Èmi náà ní ìbéèrè kan. Níbi tí mo jókòó sí yìí lẹ ti sọ pé ó lè jẹ́ nọ́ọ̀tì kan ni wọn ò fún dáadáa. Ta ló sọ fún yín?"

Ẹ̀gbọ́n ń fi "ẹ" bá àbúrò sọ̀rọ̀. Gbohùngbohùn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi," Gbohùngbohùn ní. "Mo ṣàdédé sọ ọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹ pààrọ̀ táyà. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì, èmi ni mo fi kún un."

Ìpè àkọ́kọ́ tó wọlé wá láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn mọ́kànlá náà. Kò pariwo. Ó ní ní àràárọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ lòun fi ń ṣépè fún Ọ̀gá Táyà kí òun tó fọ ẹnu. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tí òun yóò wá máa ṣẹ́ ẹ fún báyìí.

Omi bọ́ lójú Ọ̀gá Táyà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò yẹ̀. "Kò tíì sí ẹnì kankan, arábìnrin mi. Ẹ jẹ́ ká jọ dúró de òtítọ́. Ọkọ yín tọ́ sí i."

Rédíò dá ètò náà dúró. Gbohùngbohùn fúnra rẹ̀ gba ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó dúró níwájú gbogbo kíláàsì, ó sọ pé òun ni òun ṣe àròsọ ọ̀rọ̀ náà. Ó tún wá bá Bàbá Koríko nílé, ó wà níbẹ̀ títí àwọn tó kóra jọ síwájú ilé náà láti bú u fi tú ká. Ọ̀gá Táyà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Òun àti àbúrò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ó pẹ́ kí ẹ̀rín tó wọ inú rẹ̀, ó sì ní ohun tí kò ní sọ fún un lórí fóònù mọ́ láéláé. Àwọn ilẹ̀kùn mẹ́ta yẹn ò padà wá sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri náà ò sì tíì wá nù ún. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, ìwé ìkẹyìn ò tíì jáde, ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ fún yín pé òun mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí fóònù yín yóò dún, tí ẹnì kan yóò máa fi ìdánilójú ṣàlàyé ìjàǹbá tí kò ṣojú rẹ̀. Ẹ bi í pé: ta ló rí i? Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú sọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ rí nǹkan, ẹ tètè lọ sọ fún àwọn olùwádìí kí ẹ tó sọ fún ọ̀rẹ́, bí ẹ bá sì rí irin tàbí àfọ́kù nílẹ̀, ẹ má gbé e, ẹ ṣọ́ ọ. Ojú kò gbọdọ̀ ti èèyàn láti sọ pé òun ò mọ̀. Èèyàn mọ́kànlá ni bàálù yẹn gbà lọ́wọ́ wa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu wa sọ wọ́n di méjìlá.